Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine, kí ló kàn wá n'Ífẹ̀? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí nídìí búrẹ́dì

Búrẹ́dì ni mò ń tà ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀. Àwọn onítíì ń gbà lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ iléèwé ń rà, àwọn bàbá tó ń dúró ka ìwé ìròyìn nídìí fẹ́ńdọ̀ náà máa ń yà sọ́dọ̀ mi. Látìgbà tí ogun yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, mo dáhùn tòní, wọ́n á tún bi mí lọ́la, ni mo bá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan.

Ogun wo gan-an là ń sọ, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Ogun tí Rọ́ṣíà gbé wọ Ukraine ni, ní 24 Fẹ́búárì 2022. Ìjà wọn ti wà tipẹ́ o, láti 2014 ni Rọ́ṣíà ti gba Crimea mọ́ wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n 2022 yẹn ló wá di ogun ńlá tí gbogbo ayé ń pariwo.

Kí ló kan búrẹ́dì tiwa nínú ìjà àwọn òyìnbó?

Àlìkámà ni. Inú àlìkámà ni fúláwà ti ń jáde, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe sẹ̀mó, indomie, sùpàgẹ́tì, puff-puff, gbogbo ẹ̀. Kí ogun tó dé, tí ẹ bá kó gbogbo àlìkámà tí orílẹ̀-èdè ń tà fún ara wọn jọ, ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ ti Rọ́ṣíà àti Ukraine, Òkun Dúdú ni wọ́n sì ń kó o gbà. Bí ìbọn ṣe dún báyìí, ọkọ̀ Ukraine ò lè jáde ní Odessa mọ́, àwọn tó ń rà lọ́dọ̀ wọn sá lọ bá Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà, ni ọ̀dọ̀ tàwọn yẹn náà bá gbówó lórí. Ní Máàṣì 2022, owó àlìkámà l'ọ́jà Chicago ga ju bó ṣe ga rí lọ.

Ohun tó máa ń ṣòro fún àwọn kọ́sítọ́mà mi láti gbà nìyẹn. Wọ́n á ní "ìyá oníbúrẹ́dì, ṣé fúláwà Rọ́ṣíà lẹ fi ṣe èyí ni?" Kò dìgbà tó bá jẹ́ ti Rọ́ṣíà. Ẹni tó ra ti Amẹ́ríkà náà san owó ogun, torí ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń ná.

Fúláwà nìkan kọ́ o. Ṣúgà ń bẹ, bọ́tà ń bẹ, yíìsì ń bẹ, náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wé e ń bẹ, àti epo dísù tí wọ́n ń bù sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ò bá síná, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Ní Júláì 2022 àwọn oníbúrẹ́dì káàkiri Nàìjíríà tiẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan torí ọ̀rọ̀ owó nǹkan yìí.

Ṣé a ò lè gbin àlìkámà tiwa ni?

A ń gbìn ín, l'Ókè Ọya: Jigawa, Kano, Kebbi, Borno, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òtútù ọyẹ́ wà, tí wọ́n á máa fa omi wọ oko. Ilẹ̀ Ifẹ̀ tí òjò ń rọ̀ tí ooru ń mú ò gbà á. Èyí tá à ń rí kó ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tá à ń jẹ, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin tọ́ọ̀nù tá à ń kó wọlé lọ́dún kan.

Pákí ló yẹ ká máa pọ̀ mọ́ ọn. Láyé Obasanjo wọ́n sọ ọ́, láyé Jonathan wọ́n tún pariwo ẹ̀ gan-an, búrẹ́dì onípákí, Ààrẹ fúnra ẹ̀ ń jẹ ẹ́ níwájú kámẹ́rà, ìgbà tó yá gbogbo ẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Gbogbo abúlé tó yí Ifẹ̀ ká ni pákí wà, ká ní a ò jẹ́ kí ètò yẹn kú ni, ogun 2022 ò bá ti bá wa pẹ̀lú nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́.

Wọ́n ní àlìkámà ti wálẹ̀ l'ókè òkun, kí ló dé tí búrẹ́dì ò wálẹ̀ ńbí?

Lóòótọ́ ló wálẹ̀. Ní 22 Júláì 2022 Tọ́kì àti UN bá wọn ṣe àdéhùn ní Istanbul pé kí ọkọ̀ oúnjẹ máa kọjá lórí Òkun Dúdú, Rọ́ṣíà ló fi ẹsẹ̀ tú u ká ní Júláì 2023. Ṣùgbọ́n kí 2022 tó parí pàápàá, àlìkámà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí iye tó wà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.

Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á o. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, bíi 570 náírà ni dọ́là kan lọ́wọ́ àwọn mọ́là tó ń ṣẹ́ owó, kí ọdún yẹn tó parí ó ti lé ní 700, Júùnù 2023 ni báńkì àpapọ̀ wá jọ̀wọ́ náírà pé kó máa fò bó ṣe wù ú, nígbà tó fi máa di Fẹ́búárì 2024 ó ti kọjá 1,500. Àlìkámà tó bá já wálẹ̀ díẹ̀ ní dọ́là, ìlọ́po méjì ló máa jẹ́ ní náírà. Ogun ló gbé owó fúláwà gun òkè lákọ̀ọ́kọ́, náírà tiwa ni ò jẹ́ kó sọ̀.

Nàìjíríà ṣáà ní epo, ṣebí ó yẹ kí ogun yẹn jẹ́ èrè fún wa?

Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Epo rọ̀bì kọjá 120 dọ́là fún àgbá kan ní Máàṣì 2022, orílẹ̀-èdè elépo tó kù ń kówó. Àwa ò rí epo wa fà: àwọn olè ń bẹ́ páìpù, àwọn kòǹga ti gbó, nígbà tó di Ọ́gọ́ọ̀sì 2022 epo tá à ń fà lójúmọ́ ti wálẹ̀, kò tó mílíọ̀nù kan àgbá mọ́, Àǹgólà sì gba ipò kìíní mọ́ wa lọ́wọ́ nílẹ̀ Áfíríkà.

Èyí tó tún bà mí nínú jẹ́ jù ni pé rifáínárì Port Harcourt, Warri àti Kaduna ò ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. A ta epo rọ̀bì fún àwọn ará òkè òkun, a tún wá padà lọ ra pẹtiróòlù lọ́wọ́ wọn ní owó ogun. Èrè tó wọ ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ló gbà á jáde. Owó ìrànwọ́ epo tí ìjọba bu sílẹ̀ fún ọdún 2022 nìkan, tírílíọ̀nù mẹ́rin náírà ni.

Kí ló dé tí dísù fò lọ nígbà yẹn, tí pẹtiróòlù dúró?

Torí kò sí ìrànwọ́ ìjọba lórí dísù. Bí ayé ṣe ń tà á ló ń bá wa. Ní Jánúárì 2022 bíi 288 náírà ni jálá kan, ní Dìsẹ́ńbà ó ti lé ní 800. Pẹtiróòlù ní tiẹ̀, 165 ni iye tí ìjọba ní kí wọ́n máa tà á fún ìgbà pípẹ́ nínú ọdún yẹn, ìjọba ló ń san èyí tó kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "àwa ò lo dísù", ẹ lò ó. Ọkọ̀ àjàgbé tó gbé tòmátì àti àlùbọ́sà wá láti Òkè Ọya, òun ló ń mu. Ẹni tó ń ṣe omi inú náílọ́ọ̀nù, òun ló ń bù sí ẹ̀rọ. Báńkì tẹ́ ẹ ti lọ gbowó, òun ló ń tan iná wọn.

Ìlà epo Fẹ́búárì 2022 tí gbogbo wa tò títí, ìyẹn ò kan ogun rárá. Pẹtiróòlù tó ní methanol nínú ni wọ́n kó wọlé, wọ́n ń dá a padà, ni epo bá wọ́n. Ogun ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìlà yẹn bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ogun ló ti OAU pa ní 2022?

Rárá o. Ẹ wo déètì: 14 Fẹ́búárì ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, 24 ni ogun bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn 2009 ni wọ́n ń jà lé lórí, owó àtúnṣe yunifásítì, àjẹmọ́nú wọn, àti ọ̀rọ̀ IPPIS tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n fi máa san owó oṣù àwọn mọ́, UTAS tí àwọn fúnra wọn ṣe làwọn fẹ́. Ó di 14 Ọkitóbà kí wọ́n tó dá a dúró lẹ́yìn tí kọ́ọ̀tù ti dá sí i. Oṣù mẹ́jọ gbáko.

Ifẹ̀ tí ò sí ọmọ iléèwé, ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ló mọ bó ṣe rí. Àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọlọ́kadà tó ń ná gèétì iléèwé sí Mayfair jókòó sórí ọ̀kadà wọn láti àárọ̀, àwọn onílé ní Aṣerífà àti Damico ń retí owó ilé tí ò wá. Búrẹ́dì tí mo máa ń tà tán kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ń dalẹ́ lọ́wọ́ mi, èyí tó bá bu mo gbé e dànù. Bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn gan-an ni béékìrì ń fi owó lé e ní gbogbo ìgbà. Ọjà ń wọ́n, ẹni tó máa rà á ò sí nílùú. Ọ̀kan ti ọ̀nà jíjìn wá, ìkejì jẹ́ ìjà ilé, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó méjèèjì pọ̀ fún mi.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ogun kan bọ́ọ̀lù tí à ń wò?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 28 Fẹ́búárì 2022 FIFA àti UEFA ní kí Rọ́ṣíà má gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ìparí Champions League tó yẹ kó wáyé ní Saint Petersburg, wọ́n gbé e lọ Paris, níbi tí Real Madrid ti na Liverpool 1-0 ní 28 Méè. Chelsea ni tiẹ̀ kan gan-an: 10 Máàṣì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá Abramovich, ọmọ Rọ́ṣíà tó ni kílọ́ọ̀bù náà nígbà yẹn, fún ìgbà kan wọn ò lè ta tíkẹ́ẹ̀tì tuntun, kí Todd Boehly àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó wá rà á nígbà tí Méè ń parí lọ. Àwọn ọmọ Chelsea tó pọ̀ n'Ífẹ̀ ńbí gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn o, wọ́n rò pé kílọ́ọ̀bù ọ̀hún ti kú nìyẹn.

Àwọn onílé ìwòran gan-an ló jìyà ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni, owó tí wọ́n sì ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lè fi kún un bó ṣe yẹ torí ọmọ iléèwé tó ń kún ibẹ̀ ti lọ sílé. Super Eagles tí ò lọ Qatar, ìyẹn ò kan ogun, Gánà ló dá wa dúró ní Abuja pẹ̀lú ọ̀mì 1-1 ní 29 Máàṣì.

Òde ìnáwó ńkọ́? Ṣé ó dín kù?

Kò dín, ó yí padà ni. Yoruba ò ní torí ogun ibì kan má sìnkú bàbá ẹ̀. Wọ́n ṣe ọdún Ọlọ́jọ́ 2022, adé Arè jáde, ìlú kún. Ohun tí mo rí láyìíká mi ni pé àwọn èèyàn ń gé e: small chops tó jẹ́ fúláwà lásán ń kéré sí i nínú abọ́, ẹja yìnyín, tí apá kan nínú ẹ̀ máa ń ti Rọ́ṣíà wá, ń kéré sí i nínú ọbẹ̀, iyán àti àmàlà padà síwájú, ìyẹn ò sì dùn mí rárá. Ẹbí ìyá mi ní Iléṣà ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, iyán ni wọ́n ń gún látilẹ̀wá.

Ṣé ogun ló jẹ́ kí Adeleke wọlé ní Ọ̀ṣun?

Àwọn bàbá ìdí fẹ́ńdọ̀ fẹ́ràn ìbéèrè yìí. 16 Júláì 2022 la dìbò gómìnà, Adeleke ní 403,371, Oyetola tó wà lórí àga nígbà yẹn ní 375,027. Ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí kọ́ọ̀tù, tìrìbúnà kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní Jánúárì 2023, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà, kọ́ọ̀tù tó ga jù parí ẹ̀ ní 9 Méè 2023.

Ebi wà nílùú lọ́jọ́ ìdìbò yẹn, ogun sì wà nínú ohun tó fa ebi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e lé ogun lórí pátápátá ti gbàgbé ilé. Ó ti gbàgbé àbọ̀ owó oṣù tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbà fún ọdún mélòó kan ṣáájú, èyí tí inú wọn ò tíì yọ́ sí. Ó tún ti gbàgbé pé inú APC, ẹgbẹ́ Oyetola, fúnra ẹ̀ dàrú, àwọn ọmọlẹ́yìn Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Iléṣà tó ṣe gómìnà ṣáájú ẹ̀, àtàwọn ti Oyetola ò rí ara wọn sójú.

Ibi tí mo ti gbà pé ogun dé inú ìbò ni "dìbò kóo sebẹ̀", fífi owó ra ìbò. Àwọn tó ń ṣọ́ ìdìbò sọ pé wọ́n rí i, EFCC náà mú àwọn kan. Tí owó búrẹ́dì bá wọ́n, ìbò á pọ́ọ́kú. Èèyàn tí ò tíì jẹun láàárọ̀, ẹ má dá a lẹ́jọ́ kẹ́ ẹ tó dá ẹni tó gbé owó wá lẹ́jọ́.

Ẹ̀yìn ta ni Nàìjíríà wà?

Ní 2 Máàṣì 2022 nígbà tí UN dìbò pé kí Rọ́ṣíà kúrò nílẹ̀ Ukraine, orílẹ̀-èdè 141 ló fọwọ́ sí i, Nàìjíríà wà nínú wọn, márùn-ún ní rárá, 35 ò dá sí i. Oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ Rọ́ṣíà nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, Nàìjíríà ò dá sí i. Ẹ lè kà á bó ṣe wù yín.

Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Ukraine ńkọ́?

Ìjọba ní àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ tó 4,000, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù, dókítà ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ ṣe. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n gba Poland, Romania, Hungary, Slovakia sá jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé wọ́n tì wọ́n sẹ́yìn ní bọ́dà torí àwọ̀ wọn. Ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Abuja ní 4 Máàṣì, àwọn tó há sí Sumy ò rí ọ̀nà jáde títí di 8.

Èyí tí àwọn òbí ń bi mí ni bóyá ọmọ lè fi íńtánẹ́ẹ̀tì parí ẹ̀. MDCN, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn dókítà, ti sọ ní 2022 pé àwọn ò ní gba ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n fi íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ láti Ukraine. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ bi MDCN fúnra wọn, ẹ má bi ẹni tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín.

Ogun náà ló gbé owó kòkó sókè ní 2024?

Rárá. Kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní Máàṣì 2024, ní Dìsẹ́ńbà ó ti ń sún mọ́ 13,000. Gánà àti Ivory Coast, tó ni ju ìdajì kòkó ayé lọ, ni ò rí kòkó kó: òjò rọ̀ jù, ọ̀dá tún dá, àrùn jà, igi ti darúgbó. Náírà tó wálẹ̀ ló jẹ́ kí owó ẹ̀ tún tóbi sí i lójú wa ńbí. Ibi tí ogun ti kan àgbẹ̀ wa ni ajílẹ̀, torí Rọ́ṣíà àti Belarus wà lára àwọn tó ń ta èròjà ẹ̀ jù láyé. Àgbẹ̀ tó ń rójú ra ajílẹ̀ ní 2022, ogun ló ń bá a fínra. Èyí tó ta kòkó olówó gọbọi ní 2024, àìríkó ará ẹ̀yìn odi ló gbè é.

Àìrí owó náírà ná ní 2023 ńkọ́?

Kò kàn án rárá, rárá. Báńkì àpapọ̀ ló ní òun ń pààrọ̀ owó, ó kéde ẹ̀ ní Ọkitóbà 2022, tuntun ò tó, ti àtijọ́ ti wọlé, títí kọ́ọ̀tù tó ga jù fi dá sí i ní 3 Máàṣì 2023.

Wọ́n ní Ukraine fi àlìkámà ta Nàìjíríà lọ́rẹ. Ta ló jẹ ẹ́?

Òótọ́ ni, 25,000 tọ́ọ̀nù, ó dé ní Fẹ́búárì 2024. Àwọn tí ogun Boko Haram lé kúrò nílé ní apá Borno, Adamawa àti Yobe ni wọ́n kó o fún. Kò dé Ifẹ̀, kò sì yẹ kó dé Ifẹ̀.

Ẹnì kan ní iṣẹ́ wà ní Rọ́ṣíà fún ọmọ mi obìnrin, owó dọ́là, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Ṣé kó lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ibì kan wà tó ń jẹ́ Alabuga, ní Tatarstan. Àwọn oníròyìn AP tú u síta ní Ọkitóbà 2024 pé wọ́n ń polówó iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Áfíríkà, ọmọ ọdún 18 sí 22, wọ́n ní iṣẹ́ ilé oúnjẹ ni, iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni, nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, drone tí Rọ́ṣíà ń jù lu Ukraine ni wọ́n ń tò. Wọ́n ń fọwọ́ kan kẹ́míkà tó ń ba awọ ara wọn jẹ́. Ukraine sì ti rán drone wá lu ibẹ̀, ní Éépírì 2024 ó bọ́ lu họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ohun tó wà nínú ìpolówó yẹn àtohun tó wà níbẹ̀ ò jọra.

Ti ọkùnrin náà wà. Ní Máàṣì 2022 àwọn ọ̀dọ́ lọ tò sí ẹ́ńbásì Ukraine ní Abuja pé àwọn fẹ́ lọ jagun, ìjọba Nàìjíríà ní òun ò ní gbà. Mo mọ̀ pé ilé le, mo mọ̀ pé ọmọ tó jáde yunifásítì tó ń jókòó sílé ń wá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹni tó gbé e wá ò lè sọ orúkọ ilé iṣẹ́, tó ní kí ọmọ má sọ fún ẹnikẹ́ni, tó fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ gbé e lọ bá NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ẹ má gbé e lọ bá pásítọ̀ kó gbàdúrà sí i.

Tí ogun mìíràn bá tún bẹ̀rẹ̀, ṣé bákan náà ló máa rí?

Yóò yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ìjọba yọ ìrànwọ́ kúrò lórí pẹtiróòlù ní Méè 2023. Ẹ rántí Júùnù 2025, Ísírẹ́lì àti Ìránì ja ọjọ́ 12 péré, epo rifáínárì Dangote gùn láti 825 sí 880 náírà lóṣù yẹn, kó tó tún sọ̀. Lóòótọ́ à ń fọ epo nílé báyìí, ṣùgbọ́n iye tí ayé ń ta epo rọ̀bì náà la fi ń ṣírò ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tí ọlọ́jà bá kàn ń fi ogun bojú?

Ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: ṣé ọjà ẹ̀ gba orí òkun wá, ṣé dọ́là ni wọ́n fi rà á, ìgbà wo ló ra èyí tó ń tà lọ́wọ́? Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gé láàárọ̀ ní ẹ̀bá odò tó wá ní Ukraine ló fà á, ẹ ní kó sọ ti owó ọkọ̀, ìyẹn lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tó ti ra ọjà pamọ́ látọjọ́ pípẹ́, tó gbọ́ ìròyìn lórí rédíò láàárọ̀ yìí tó fi owó lé e lọ́sàn-án, èrè ló ń wá.

Èmi náà ńkọ́, tí mo bá fi owó lé búrẹ́dì, ẹ bi mí. Risíìtì tí béékìrì ń kọ fún mi wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì láti 2022, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ mú un.